Ta Ni ‘Wọ́n’? Àgbéyẹ̀wò Èdè Ìwé Ìròyìn Yorùbá lórí Ìṣèlú àti Ìdìbò ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí èdè ewì, èdè ìtàn àròsọ àti èdè eré-oníṣe Yorùbá kò kéré rárá. Èdè ìwé ìròyìn kò tíì rí irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó jẹ́ pé ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò máa bá pàdé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dágbére fún ilé-ẹ̀kọ́. Inú rẹ̀ ni wọn yóò ti mọ ẹni tí ó ń du ipò kánsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wọn, ohun tí ó ṣèlérí, iye ìbò tí ó ní, àti ohun tí alátakò rẹ̀ sọ.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ èdè tí a fi ń ròyìn ìṣèlú ìbílẹ̀ àti ìdìbò wò. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, pàápàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni a fi ṣe òpó tí a rọ ọ̀rọ̀ wa mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a rí níbẹ̀ kan gbogbo ibi tí a ti ń fi Yorùbá ròyìn. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: akọ̀ròyìn Yorùbá lè ti dìbò tirẹ̀ nínú gírámà kí olùdìbò tó dé ìdí àpótí, ọ̀nà tí ó fi lè yẹra fún un sì wà nínú èdè Yorùbá fúnra rẹ̀, kò dìgbà tí a bá yá a lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwa fúnra wa ni a ṣe àwọn gbólóhùn àpẹẹrẹ tí a ó lò. A kò mú wọn láti inú ìwé ìròyìn kankan, nítorí pé àṣà ni a ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan tàbí akọ̀ròyìn kan.

2. Ìwé ìròyìn àti ìbò

Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, kò sí ẹni tí ó ń dìbò ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́nà tí a gbà ń dì í lónìí. Ọ̀rọ̀ náà, ìbò, wà nínú èdè wa láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ babaláwo ni ó ti ń ṣiṣẹ́: ohun tí a fi ń bi Ifá léèrè, bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó di ìbò mọ́wọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí babaláwo mọ ọwọ́ tí èyí tàbí èyíinì wà. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn tí ó ti sọ ìdáhùn kí a tó béèrè.

Ní 1922 ni òfin tuntun tí a fi orúkọ Gómìnà Clifford pè fún Èkó ní ìjókòó mẹ́ta tí a ó máa dìbò yan ènìyàn sí. Ní oṣù kẹsàn-án 1923 ni a dì í, tí ó jẹ́ pé ọkùnrin tí ó ń rí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Àkókò yìí gan-an ni àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá sọjí: Èkó Akéte ní 1922, Elétí Ọfẹ ní 1923, Yorùbá News ti Dénrelé Ọbasá ní Ìbàdàn ní 1924, Akéde Èkó ti Isaac B. Thomas náà sì ti ń jáde kí àwọn ọdún 1920 tó parí. Ẹ wo orúkọ wọn. Elétí ọfẹ ni ẹni tí ń tètè gbọ́. Akéde ni ẹni tí ń jíṣẹ́ fún ìlú. Iṣẹ́ méjèèjì ni ìwé ìròyìn ń ṣe, wọn kò sì dọ́gba. Ẹni tí ó gbọ́ lè gbọ́ àgbọ́sọ. Akéde gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó rán an.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìṣèlú ìbílẹ̀ gbòòrò sí i lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 3 oṣù kejì 1976. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe, tí a sì dìbò láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú. Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ di alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1979 lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ UPN. Akọ̀ròyìn ni ọkùnrin yìí. Ní àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó ń fi orúkọ Ayékòótọ́ kọ èrò rẹ̀ sínú Daily Service àti Daily Express. Orúkọ náà jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí ó fi ń kọ ọ́. Òǹkàwé tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí orúkọ, kò rí ọ̀rọ̀.

Àwọn tí ó ń fi Yorùbá ròyìn ní àkókò yẹn kò sí lábẹ́ ìjọba tàbí olówó kan náà. Gbohùngbohùn wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Sketch, tí ó jẹ́ ti ìjọba. Ìròyìn Yorùbá wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Tribune, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀. Ìsọ̀kan sì wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Concord ti Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ NPN nígbà náà. Kò ṣòro láti mọ ibi tí olúkúlùkù olówó wọn kọjú sí. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ ibi tí gbólóhùn kan kọjú sí, nítorí pé gbólóhùn kì í ní àsíá lórí.

3. Arọ́pò-orúkọ: ó àti wọ́n

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ méjì yìí:

(a) Olóyè Lágbájá bá àwọn ará Ìwàdé sọ̀rọ̀ lánàá. Wọ́n ní àwọn yóò tún ọ̀nà ṣe.

(b) Ọ̀gbẹ́ni Tàmẹ̀dò bá àwọn ará Pòrògún sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ní òun yóò tún ọ̀nà ṣe.

Ìlérí kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn nínú (a), kò sí èébú nínú (b). Síbẹ̀ òǹkàwé ti mọ ẹni tí ó jẹ́ àgbà àti ẹni tí ó jẹ́ ọmọdé nínú ìdíje náà. Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe èyí fún akọ̀ròyìn rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹnìkan, àfi kí ó wá ọ̀rọ̀ tí a lè fi ìka tọ́ka sí. Ní ti Yorùbá, sílébù kan péré ti tó.

A kò sọ pé ìwà ìbàjẹ́ ni ó ń fa èyí nígbà gbogbo. Nílùú bí Ìjẹ̀bú-Òde, tí oyè pọ̀, tí ẹ̀yà ọjọ́ orí tí a ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ sì fi olúkúlùkù sí àyè rẹ̀, akọ̀ròyìn tí a kọ́ dáadáa nílé kò ní fẹ́ kọ ‘ó’ fún ẹni tí ó tó baba rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ṣùgbọ́n lórí ìwé ìbò, kò sí baba, kò sí ọmọ. Ọ̀kan ni ìbò fún olóyè, ọ̀kan náà ni fún ẹni tí kò joyè. Akọ̀ròyìn tí ó bá gbé ètò ìkíni wọ inú ètò ìdìbò ti fún ẹnìkan ní ohun tí òfin kò fún un.

Ewu kejì ni pé ‘wọ́n’ ọ̀wọ̀ àti ‘wọ́n’ ọ̀pọ̀ kò yàtọ̀ lójú ìwé. Nínú (a), ta ni ‘àwọn’ tí yóò tún ọ̀nà ṣe? Ṣé Olóyè nìkan ni, tàbí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀? Bí a kò bá tún ọ̀nà náà ṣe, ta ni a ó mú? Olóṣèlú tí ó bá gbọ́n yóò sọ pé ẹgbẹ́ ni ó ṣèlérí, kì í ṣe òun.

Ọ̀rọ̀ yìí le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba Ọnàbánjọ àti Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1960. Ìjọba fẹ́ yọ ọba lórí oyè. Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní òpin 1983, Awùjalẹ̀ dúró lórí ìtẹ́, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi wàjà ní oṣù keje 2025. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn méjèèjì. Báwo ni a ṣe ń ròyìn irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀? Bí a bá fi ‘wọ́n’ fún ọba, tí a fi ‘ó’ fún gómìnà, a ti dá ẹjọ́ náà kí adájọ́ tó jókòó. Bí a bá sì fi ‘wọ́n’ fún àwọn méjèèjì, irú gbólóhùn báyìí ni a ó máa rí: ‘Wọ́n ní wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn létí.’ Ta ni kò sọ fún ta? Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀.

Oògùn rẹ̀ kò jìnnà. Yorùbá kì í bẹ̀rù àtúnwí orúkọ. ‘Gómìnà ní òun ti kọ̀wé sí ààfin. Ààfin ní ìwé kankan kò dé ọ̀dọ̀ Awùjalẹ̀.’ Gbólóhùn méjì yìí kò tàbùkù ọba, kò tàbùkù gómìnà, kò sì fi òǹkàwé sínú òkùnkùn. Nítorí náà, ohun tí a ń dábàá ni pé kí a lo ‘ó’ fún gbogbo ẹni tí ó ń díje àti gbogbo ẹni tí a dìbò yàn, láìwo ọjọ́ orí tàbí oyè. Kí a fi ‘wọ́n’ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀. Kí a sì máa fi orúkọ oyè pe ọba dípò arọ́pò-orúkọ.

Àwọn kan yóò ní àrífín ni. A kò gbà. Bíbélì Yorùbá ń lo ‘Ó’ fún Ọlọ́run. Akéwì tí ó ń ki ọba ní gbangba ń lo ‘ó’ àti ‘o’, ọba sì ń fún un lẹ́bùn. Ọ̀wọ̀ tí ‘wọ́n’ ń fi hàn jẹ́ ti ojúkojú àti ti ẹbí. Ọ̀wọ̀ tí ìròyìn lè fún ènìyàn ni pé kí ó ròyìn rẹ̀ bí ó ti rí.

4. Ta ni ó sọ ọ́?

Ọ̀kan nínú ẹ̀bùn ńlá tí Yorùbá fún akọ̀ròyìn ni ‘òun’. Ẹ fi àwọn gbólóhùn wọ̀nyí wéra:

(d) Alága ní òun kò gba owó náà.

(e) Alága ní kò gba owó náà.

Nínú (d), alága ń sọ ti ara rẹ̀. Nínú (e), ẹlòmíràn ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó ń gbà á sílẹ̀ ni. Èdè tí ó ní irú ohun èlò báyìí kò yẹ kí ó máa bí ìròyìn rúdurùdu. Ṣùgbọ́n ìgbà tí akọ̀ròyìn bá ti fi ‘wọ́n’ bẹ̀rẹ̀, ‘òun’ ti sọnù, ‘àwọn’ ti gba ipò rẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni ‘wọ́n ní’. Àgbọ́sọ ni: ‘Wọ́n ní ejò wọ inú ilé.’ Ọ̀rọ̀ àgbà ni: ‘Bàbá dé, wọ́n ní ẹ kú ilé.’ Bí ìwé ìròyìn bá wá kọ ọ́ pé ‘Wọ́n ní alátakò ti ra ìbò ní wọ́ọ̀dù mẹ́ta,’ òǹkàwé kò lè mọ̀ bóyá àgbà kan tí a ti dárúkọ rẹ̀ lókè ni ó fi ẹ̀sùn kàn án, tàbí afẹ́fẹ́ ni ó gbé e wá. Ẹ̀sùn ńlá ni, kò sì ní olúwa. Àwọn àgbà ní ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Kí akọ̀ròyìn dárúkọ oníkàn, tàbí kí ó sọ gbangba pé àgbọ́sọ ni, tàbí kí ó fi í sílẹ̀.

5. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń dájọ́

Òǹkọ̀wé ìròyìn ní ọ̀rọ̀-ìṣe púpọ̀ tí ó lè fi gbé ọ̀rọ̀ olóṣèlú kalẹ̀: sọ, ṣàlàyé, jẹ́wọ́, fọ́nnu, halẹ̀, ké gbàjarè. Bí Lágbájá bá sọ pé òun yóò wọlé, tí a kọ ọ́ pé ó ‘ṣàlàyé’, ó di ọlọ́gbọ́n. Bí Tàmẹ̀dò bá sọ ohun kan náà, tí a kọ ọ́ pé ó ‘fọ́nnu’, ó di aláfẹnujẹ́. ‘Jẹ́wọ́’ ni ó léwu jù nínú wọn, nítorí pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni í jẹ́wọ́. ‘Sọ’ àti ‘ní’ kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kò sí ìdí tí a fi ní láti máa wá arọ́pò fún wọn bí ẹni pé wọ́n ti gbó.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìjàkadì tí a ti sọ di èdè ìbò: ó fẹ̀yìn rẹ̀ janlẹ̀, ó fàgbà hàn án, ó lù ú bolẹ̀. Wọ́n dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi Ojúde Ọba, ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí kò wọlé lè wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà, kí wọ́n wọ aṣọ kan náà, kí wọ́n jọ máa jó lọ kí ọba. Ìlú tí ó ní irú àṣà báyìí kò nílò ìwé ìròyìn tí yóò máa fi ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ kan janlẹ̀ fún òmíràn.

Òwe nínú àkọlé náà gba ìṣọ́ra. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ níbi ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́, tí àkọlé sì kà pé ‘Ohun tí a bá gbìn ni a ó ká’, a ti sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gun ẹṣin gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó ń lọ. Ojú-ewé èrò olóòtú ni ibi ìdáràya ẹṣin náà.

6. Iye ìbò, ‘wọlé’, àti àmì orí ọ̀rọ̀

‘Ó fi ìbò 2,000 wọlé.’ Ṣé ìbò 2,000 ni gbogbo ohun tí ó ní ni, tàbí 2,000 ni ó fi ju ẹni tí ó tẹ̀ lé e lọ? Gbólóhùn náà gba ìtumọ̀ méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ pé, ‘Ó ní ìbò 5,400; ẹni tí ó tẹ̀ lé e ní 3,400.’ Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò jà lé e lórí.

‘Wọlé’ fúnra rẹ̀ nílò olúwa. Ẹni tí àjọ elétò ìdìbò kéde, tí ilé-ẹjọ́ kò tíì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ‘a kéde pé ó wọlé’ ni. Kì í ṣe àríyànjiyàn ọ̀rọ̀ lásán ni èyí. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àjọ FEDECO kéde ní 1983 pé Olóyè Akin Ọmọ́bóríowó ti ẹgbẹ́ NPN ni ó wọlé sí ipò gómìnà. Ìlú gbóná, wọ́n sun ilé, ẹ̀mí sì ṣòfò. Lẹ́yìn náà ni ilé-ẹjọ́ dá ipò náà padà fún Olóyè Adékúnlé Ajáṣin ti ẹgbẹ́ UPN. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ‘ó wọlé’ àti ‘a kéde pé ó wọlé’ jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí akọ̀ròyìn fọwọ́ sí àti ohun tí ó kàn jíṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti àmì, àwa olùkọ́ ti ń pariwo láti ọjọ́ pípẹ́, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní ní 1974. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ṣì ń tẹ ọ̀rọ̀ láìfi àmì ohùn sí i, àwọn mìíràn a sì máa gbàgbé àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ pàápàá. Nínú ìtàn àròsọ, òǹkàwé lè fi òye gbé e. Ẹ wá wo gbólóhùn ìṣèlú kan: ‘Alaga ko owo naa.’ Bí ó bá jẹ́ ‘kó’, olè ni alága. Bí ó bá jẹ́ ‘kọ̀’, olóòótọ́ ni. Orúkọ rere ènìyàn kan ń bẹ lórí ẹyọ àmì méjì. Ìwé ìròyìn tí kò bá lè fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ yẹ kí ó fi í sí èyí tí ó lè fa ẹjọ́.

7. Àtakò kan àti ìdáhùn rẹ̀

A mọ̀ pé a ó bá àtakò pàdé. Wọn yóò ní bí a bá yọ òwe, oríkì àti ‘wọ́n’ kúrò, Gẹ̀ẹ́sì tí a da aṣọ Yorùbá bò ni yóò kù. Àtakò yìí lágbára, nítorí pé òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìròyìn Yorùbá jẹ́ ìtumọ̀ gbọrọgbọrọ láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ohun tí a tọ́ka sí kò ti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. ‘Òun’ tí ń ya olùsọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ti Yorùbá ni. Akéde tí ń dárúkọ ẹni tí ó rán an kí ó tó jíṣẹ́, ti Yorùbá ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: àwọn baba wa ni ó sọ ọ́, kí ilé ìtẹ̀wé tó dé Abẹ́òkúta. Àìṣègbè kì í ṣe àlejò nílé wa.

Kì í ṣe pé kí ìròyìn ṣá bí omi ni a ń wí. Ẹ jẹ́ kí òwe wà lẹ́nu ẹni tí ó pa á, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Bí olùdíje bá pòwe, kí a kọ òwe náà sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Adùn èdè kò dínkù. Ẹni tí ó ni ín ni a ti mọ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ó wà nílẹ̀ kò kéré. Ní 11 oṣù keje 2024, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni a dìbò sí ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìyálọ́jà tí ó fẹ́ mọ ohun tí alága ń fi owó ọjà ṣe, tí kò sì ka Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn Yorùbá ni yóò wò. Bí ìròyìn náà bá sọ fún un pé ‘wọ́n ní àwọn yóò tún ọjà ṣe’, kò mọ ẹni tí yóò lọ bá.

A wá ń rọ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ olùkọ́ pé kí ẹ mú ìwé ìròyìn wọ kíláàsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ilà sábẹ́ gbogbo ‘wọ́n’, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí olúkúlùkù wọn dúró fún. Kí ó kó gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi gbé ọ̀rọ̀ olùdíje méjì kalẹ̀ sí ìhà méjì, kí ó sì wò ó bóyá òṣùwọ̀n wọn dọ́gba. Kí ó tún gbólóhùn tí ó ní ìtumọ̀ méjì kọ. Iṣẹ́ gírámà ni, iṣẹ́ àkàyé ni, iṣẹ́ ọmọlúàbí sì ni pẹ̀lú. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni akọ̀ròyìn ọ̀la yóò ti jáde, nínú wọn náà sì ni olùdìbò ọ̀la wà.